Ẹsẹ̀ Òsì Atẹdùùrù

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ òsì Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè kọ́kọ́ ṣìnà lórí dùùrù, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ nínú gbogbo ìjọ. Lawrence ni. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a ṣí ìwé orin bí ó ti máa ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ìjọ ti dìde, àwọn akọrin ti ń wọlé bọ̀ nínú aṣọ funfun wọn, ni ohùn ìsàlẹ̀ dùùrù bá dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti dún bí ààrá. Nígbà tí yóò tún dún, ibi tí kò yẹ ló ti dún. Lawrence wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà wà lórí igi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí kì í ṣe èyí tó ń wá, ó kàn wà níbẹ̀, bíi bàtà tí ẹnìkan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Adébùsóyè náà wo ilẹ̀. Lawrence kò tíì rí i kí ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rí níbi tó ti ń tẹ dùùrù.

"Kí ló dé, Ọ̀gá?" ó bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹsẹ̀ yìí ni. Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó kan ilẹ̀ tàbí kò kàn án."

Lawrence ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn. Ó ti rò pé inú òun yóò dùn nígbà tí ọjọ́ yìí bá dé. Ó dúró de ìdùnnú náà títí ìsìn fi parí. Kò dé.

* * *

Ọdún yẹn le. Epo mọ́tò ti di ohun tí ènìyàn ń rà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ra oògùn. Àwọn òbí ń kó ọmọ wọn kúrò nílé-ìwé aládàáni, ilé-ìwé tí Lawrence ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin sì ti ti ìlẹ̀kùn láàárín táàmù. Onílé rẹ̀ ti ní kó wá ibòmíràn lọ, ojú ìyàwó rẹ̀ ló sì ti sọ ọ́.

Ilé kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Àkúrẹ́, ilé kékeré olórùlé páànù tí igi máńgòrò ṣíji bò. Ẹni tó bá ń tẹ dùùrù ló ń gbé ibẹ̀. Adébùsóyè àti ìyàwó rẹ̀, Ìbùkúnọlá, ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí Lawrence ti jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀. Adébùsóyè ti sọ fún un pé bí òun bá ti pé ọgọ́ta ọdún, òun yóò dìde lórí àga náà fún un. Ó pé ọgọ́ta. Ìgbìmọ̀ ìjọ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣì dúró, ó sì dúró. Kò bá Lawrence sọ ọ́. Inú ìkéde ni Lawrence ti gbọ́ ọ, láàárín ìkéde ìgbéyàwó àti ti ìpàdé àwọn ìyá ìjọ.

Kò pẹ́ sí i tó wa ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ lọ sí Oǹdó, sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n júwe fún un.

Oníṣègùn ni Baba Akíntóyè, àmọ́ ilé rẹ̀ kò jọ ilé oníṣègùn. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, fáànù ń yí lókè. Ọkùnrin náà wọ gíláàsì ojú, ó mọ́ tónítóní, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìgbà tí Lawrence fi ń rojọ́, èékánná ọwọ́ rẹ̀ ló ń gé. Nígbà tí Lawrence dákẹ́, ó gbé abẹ kalẹ̀.

"Ṣé kí ó kú ni, àbí kí ó jókòó?"

Lawrence wo kápẹ́ẹ̀tì. "Kí ó jókòó, Baba."

"Ẹsẹ̀ wo ló ń lò jù?"

"Òsì. Òun ló fi ń wá ohùn ìsàlẹ̀."

Baba Akíntóyè wọlé, ó jáde pẹ̀lú òwú dúdú àti ẹ̀tù tí wọ́n pọ́n sínú bébà. "Má sọ̀rọ̀ níbi tí o bá ti ń so ó," ó wí. "Bí o bá sọ̀rọ̀, yóò mọ ohùn rẹ."

Lawrence so ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ dùùrù, ó wé òwú náà mọ́ igi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun apá òsì, ó fi ẹ̀tù pa á lára. Kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n eruku wọ̀ ọ́ nímú, ó sì sín. Ó pẹ́ níbẹ̀ lórí símẹ́ńtì tútù, ó ń rò ó bóyá sísín náà jẹ́ ọ̀rọ̀.

* * *

Ẹsẹ̀ náà kò kú lẹ́ẹ̀kan. Ìrora ló kọ́kọ́ dé, tó ń ti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn itan bí omi gbígbóná. Adébùsóyè kì í lè jókòó pẹ́, kì í lè dìde kánkán. Lẹ́yìn náà ni ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ohun tó sì wọlé dípò rẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí kò sí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́.

Sọ́ńdè kan, ó rìn láti ilé rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bàtà kan. Ìkejì ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òkúta ti gé e ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ, kò mọ̀. Ìbùkúnọlá ló sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú bàtà náà lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Lawrence ti jókòó sórí àga atẹdùùrù. Àwọn ènìyàn yìn ín. Alúfàá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí di ìparí ọdún, kó máa múra àtikó wọ ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lawrence dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé, obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Lawrence ń wò ó bí ẹni ń wo òjò láti ojú fèrèsé.

Ní Sọ́ńdè kejì, àárín ìwàásù ni dùùrù dún. Ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ ni, ó rẹlẹ̀ tó fi jẹ́ pé egungun àyà ni ènìyàn fi ń gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ Lawrence méjèèjì wà lórí igi àga, kò kan nǹkan kan. Alúfàá dánu dúró. Àwọn tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn. Lawrence sáré pa dùùrù, síbẹ̀ ohùn náà kò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó rọra lọ ni, bí ẹni ń jìnnà.

Nígbà tí ìjọ túká, ó wọ abẹ́ dùùrù. Kò bá òwú dúdú níbẹ̀. Ibi tó wé e sí mọ́ bí ohun tí ẹnìkan fi aṣọ nù.

* * *

Ó lọ kí Adébùsóyè lọ́jọ́ kejì. Ó bá Leah, ẹ̀gbọ́n Adébùsóyè obìnrin, tó wá láti Oǹdó níbi tí wọ́n fẹ́ ẹ sí. Obìnrin náà ń fún àbúrò rẹ̀ lẹ́kọ. Bí Lawrence ti dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ojú rẹ̀ bá ẹsẹ̀ òsì Adébùsóyè. Òwú funfun wà lọ́rùn ẹsẹ̀ náà, tí wọ́n fi ọṣẹ kan pa lára. Òórùn ọṣẹ náà gba imú Lawrence lọ sínú orí rẹ̀.

"Kìtán, mu ún tán," ni Leah wí.

"Kìtán?" Lawrence béèrè.

"Orúkọ tí ìyá wa fún un nìyẹn. Mẹ́ta ló kú ṣáájú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí orí àkìtàn, wọ́n tún gbé e padà wálé, kí ikú lè rò pé pàǹtí ni. Àwa ilé nìkan là ń pè é bẹ́ẹ̀. Má fi pè é níta o."

Ìbùkúnọlá wọlé pẹ̀lú omi. Ó ní àwọn ti rí dókítà kan ní Oǹdó, Dókítà Ọládélé. Ó ti ya àwòrán ẹ̀yìn Adébùsóyè. Tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ síta, ó sì ń fún iṣan kan mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi kú.

"Kò ní la ẹ̀yìn rẹ̀," ni Ìbùkúnọlá wí. "Ihò kékeré kan ló máa lù, kò ní ju ẹnu bírò lọ. Ibẹ̀ ló máa ti kámẹ́rà gbà, á sì yọ ohun tó fún iṣan náà kúrò. Ó ní kò ní sùn sílé ìwòsàn. Ọjọ́ náà gan-an la máa gbé e padà wálé."

Leah gbé ife kalẹ̀. "Ìyá oníṣègùn kan tó wà ní Ìgbàrà-Òkè ló fún mi ní òwú yẹn," ó sọ fún Lawrence. "Kò gbọ́ nǹkan kan nípa dókítà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ó ní wọ́n de àbúrò mi. Ó ní ibi tí nǹkan náà wà ti sú u, ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Ihò ni kò rí."

Lawrence yí ojú kúrò lára òwú náà.

"Ìwọ lo máa fi ọkọ̀ gbé wa lọ, Lawrence," ni Adébùsóyè wí láti orí ibùsùn. "Mi ò ní ọmọ mìíràn ní Àkúrẹ́ yìí."

* * *

Nígbà tí Lawrence sọ̀rọ̀ ihò náà fún Baba Akíntóyè, ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó nù ún, ó tún nù ún. Fáànù kò yí lọ́jọ́ náà, iná ti lọ.

"Ta ló yọ òwú?"

"Mi ò mọ̀, Baba."

"Ta ló so òwú mìíràn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ìyá kan ní Ìgbàrà-Òkè."

Ó jọ pé Baba Akíntóyè mọ ìyá náà, ó sì jọ pé ìmọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ṣé o mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó bí i?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tí dókítà bá gbé abẹ lé, oorun ló máa ń sùn. Níbi tó bá ti ń sùn, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí o fi orúkọ yẹn pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ní lè dáhùn. Bí kò bá ti dáhùn, nǹkan náà á gbà pé kò sí ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà mọ́, á jókòó síbẹ̀ títí láé. Dókítà á kàn lu ihò rẹ̀ lásán ni."

"Bí ó bá wá dáhùn ńkọ́, Baba?"

Baba Akíntóyè wo gíláàsì náà sí ìmọ́lẹ̀. "Ẹni tó sùn kì í dáhùn. Bí ẹni tó jí bá dáhùn, ìwọ lo pe nǹkan. Ohun tí ènìyàn bá pè ló ń wá bá a."

* * *

Ilé ìwòsàn náà mọ́, ó tutù, ó ń ta òórùn oògùn apakòkòrò. Wọ́n wọ aṣọ búlúù fún Adébùsóyè, wọ́n ní kó bọ́ gbogbo ohun mìíràn tó wà lára rẹ̀. Ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ fún Ìbùkúnọlá. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì gé òwú funfun tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ẹni tó sún mọ́ òun jù, ó sì fi òwú náà lé Lawrence lọ́wọ́.

Ó wúwo ju òwú lọ. Lawrence di ọwọ́ mọ́ ọn, kò mọ ibi tí òun lè jù ú sí.

Wọ́n ti Adébùsóyè wọlé. Ìbùkúnọlá lọ gbàdúrà lábẹ́ igi tó wà níta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá páropáro. Lawrence dìde, ó lọ dúró ti ìlẹ̀kùn náà, ó fi etí lé e. Ẹ̀rọ kan ń kùn nínú. Kò gbọ́ ohùn ènìyàn kankan. Ó sùn, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó ti sùn.

Ó rántí ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó rántí ọ̀dọ́ tí òun jẹ́, lórí àga dùùrù kan náà, tí Adébùsóyè di ọrùn ẹsẹ̀ òun mú, tó ń gbé e kalẹ̀ lórí igi kọ̀ọ̀kan títí tó fi mọ ọ̀nà. Kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ lára nínú méjèèjì. Ó la ẹnu.

"Kìtán."

Ẹ̀rọ ń kùn.

"Kìtán."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Nǹkan tútù kan gba abẹ́ ìlẹ̀kùn kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni, ó sọ fún ara rẹ̀.

"Kìtán."

"Mo ń gbọ́ ọ, Lawrence," ni ohùn kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún, ó hàn gbangba, ó balẹ̀, bí ohùn ẹni tó jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀. "Kí ló dé?"

Lawrence sún sẹ́yìn. Ìlẹ̀kùn ṣí díẹ̀, nọ́ọ̀sì yọ orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má pè é mọ́. Ó lè mira."

"Ṣebí ó sùn ni?"

"Rárá o. Ojú kan tí wọ́n ń ṣe nìkan ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa. Dókítà fẹ́ kó máa dáhùn, kó lè sọ ohun tí iṣan ń ṣe fún wọn."

Ìlẹ̀kùn padà. Kó tó pa dé, Lawrence gbọ́ ohùn Adébùsóyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn náà ń gbọ̀n.

"Dókítà. Ẹsẹ̀ mi ti dé. Mo mọ̀ ọ́n lára."

Lawrence fẹ́ padà lọ jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé òsì tẹ̀lé e. Nígbà tó dé orí bẹ́ǹṣì, ó rí i pé bàtà òsì rẹ̀ wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn iṣẹ́ abẹ níbi tó ti ń bọ̀.

* * *

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Adébùsóyè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀. Pílásítà kékeré kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbùkúnọlá ń tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Wọ́n dá àga iwájú sẹ́yìn fún un, obìnrin náà sì wọ ẹ̀yìn. Lawrence ní kò rẹ òun, òun á wa ọkọ̀ gbé wọn délé.

Wọ́n kọjá Bọ́lọ́rundúró. Òjò ti ṣú. Lawrence ní láti máa wo ilẹ̀ kí ó tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà. Ó wò ó, ó bá a lórí kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó yí jíà. Ó tún wò ó, kò bá a níbẹ̀.

Lẹ́yìn kọ́nà kan, agbégilódò kan dúró gbagidi lójú ọ̀nà, igi ńlá mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lawrence fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì. Bíréèkì kò wọlẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti sún wọ abẹ́ rẹ̀, ó ká síbẹ̀ bí igi. Ó ń sọ fún ẹsẹ̀ náà pé kó jáde, ẹsẹ̀ kò gbọ́. Ìbùkúnọlá ń pe Jésù. Igi náà ń tóbi sí i nínú gíláàsì iwájú, Lawrence rí omi tó ń kán lẹ́nu igi náà, ẹ̀rù kò sì bà á. Ó kàn ń wò ó.

Ẹsẹ̀ kan ré kọjá lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì Adébùsóyè ni. Kò wo ilẹ̀. Ó fi gìgísẹ̀ ti ẹsẹ̀ Lawrence sápá kan, ó sì fi ọmọ ìka tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, gbọn-in gbọn-in. Ọkọ̀ yọ̀, ó yí, ó dúró sínú koríko. Igi agbégilódò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Lawrence, ó lè na ọwọ́ kàn án.

Ìbùkúnọlá ṣí ìlẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń bì.

Adébùsóyè ń mí díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ di ìbàdí mú. "Ẹsẹ̀ rẹ ti kú," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí ọkọ̀. Adébùsóyè ń wo iwájú.

"Ta ló ní kí o fi orúkọ yẹn pè mí?"

Lawrence ti ọwọ́ bọ àpò, ó kan òwú funfun náà, ó sì fà á síta láìmọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Adébùsóyè wo òwú náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó pa iná rẹ̀.

"Jẹ́ kí á wá ẹni tó máa wa ọkọ̀ gbé wa délé," ó wí.

* * *

Lawrence padà lọ sí ilé Baba Akíntóyè. Ó rí ọkùnrin náà lójú fèrèsé pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀, ọkùnrin náà sì rí i. Kò wá ṣí géètì. Lawrence dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi mú un, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn padà sí ojú títì.

Adébùsóyè ti padà sórí àga dùùrù. Kò sọ ohun tí Lawrence ṣe fún Alúfàá, kò sọ fún ìgbìmọ̀. Ìyàwó Lawrence kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ nígbà tí onílé ti yàrá wọn pa. Lawrence bá wọn di ẹrù. Ó juwọ́ sí wọn nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ó sì ṣàkíyèsí pé ọwọ́ náà ń fì láìsí ẹni tó ń fì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Adébùsóyè wá bá a níbi tó forí pamọ́ sí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò jókòó.

"Wọ aṣọ rẹ. À ń lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ọládélé."

"Ọ̀gá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ," ni Adébùsóyè wí. "Wọ aṣọ."

Dókítà Ọládélé gbé àwòrán ẹ̀yìn Lawrence sí iwájú iná. Ó wò ó títí, ó pe dókítà mìíràn wá wò ó. Eegun ẹ̀yìn náà tò gúnrégé. Tìmùtìmù kọ̀ọ̀kan wà láyè rẹ̀. Kò sí ohun tó fún iṣan kankan mọ́lẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí a lè yọ," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi yẹ ẹsẹ̀ náà wò."

Ó ní kí Lawrence dùbúlẹ̀, kó di ojú. Ó ní òun máa fi ẹnu abẹ́rẹ́ kàn án láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè, ibikíbi tó bá ti mọ̀ ọ́n lára, kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lawrence di ojú. Yàrá náà dákẹ́. Ó gbọ́ bí Adébùsóyè ṣe ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró, lẹ́yìn náà ohun kan gún un lẹ́sẹ̀, ó mú, ó dá a lójú, ohun àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ lára láti ọjọ́ pípẹ́, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí.

Dókítà kò fèsì.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń gòkè bọ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni Lawrence," ni dókítà wí jẹ́jẹ́ láti ìdí tábìlì rẹ̀ lápá kejì yàrá náà, "mi ò tíì fọwọ́ kàn yín."